Dafny: Èdè kọ̀ǹpútà tó ń bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́

Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí àwa tí a ń kọ kóòdù ń rà, tàbí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ló ń ṣèlérí pé iṣẹ́ yóò yá. Dafny kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn èdè yòókù ni àyẹ̀wò tó wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń kọ kóòdù yóò kọ ohun tí kóòdù náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀, Dafny yóò sì fi ìṣirò wádìí bóyá òótọ́ ni kóòdù náà ń ṣe é, lórí gbogbo iye tí ènìyàn lè fi sínú rẹ̀, kì í ṣe lórí ìwọ̀nba tí a ti dán wò. Bí kò bá rí ẹ̀rí, kò ní gbà. Mo ti ń lò ó nínú iṣẹ́ tó jẹ mọ́ owó, mo sì fẹ́ sọ ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ibi tó ti ń ni ènìyàn lára, nítorí ó wù mí kí àwọn tó ń kọ ètò fún báńkì, fún ilé ìwòsàn àti fún iṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ wa mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà, àti pé ọwọ́ wọn lè tó o.

K. Rustan M. Leino ló ṣe é nígbà tó wà ní ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ìpàdé àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti gbé àlàyé rẹ̀ kalẹ̀ ti wáyé: ìlú Dakar ní Senegal ni, lọ́dún 2010. Lọ́dún 2017 Leino lọ sí Amazon, Dafny sì bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wà lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó ka kóòdù tí wọ́n fi ṣe é, kí ó sì fi ṣe òwò láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Gbòǹgbò rẹ̀ ti wà tipẹ́ kó tó di 2010. Lọ́dún 1967, Robert Floyd fi hàn pé a lè so gbólóhùn ìṣirò mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan nínú ètò kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1969, Tony Hoare, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Queen's University ní Belfast nígbà náà, sọ ọ́ di òfin tó ṣe é lò: bí ohun báyìí bá jẹ́ òótọ́ kí àṣẹ kan tó ṣiṣẹ́, ohun báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ nígbà tí àṣẹ náà bá parí. Èrò náà yé àwọn ènìyàn, àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀rí ètò ìlà mẹ́wàá sì lè kún ojú ewé púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ nínú kíláàsì láìjáde síta. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni àwọn ẹ̀rọ tó ń yanjú ìṣòro lọ́jíìkì fúnra wọn, pàápàá Z3, èyí tí Leonardo de Moura àti Nikolaj Bjørner gbé jáde lọ́dún 2008 ní Microsoft. Dafny ń tú kóòdù ẹni sí èdè kan tí wọ́n ń pè ní Boogie, Boogie ń sọ ọ́ di ìbéèrè lọ́jíìkì, Z3 sì ń dáhùn. Ẹni tó ń lò ó kò ní rí ìkankan nínú èyí. Ohun tí yóò rí ni pé Dafny gbà tàbí pé ó kọ̀.

Fífi Dafny sórí kọ̀ǹpútà kò le. Ẹni tó bá ti ń lo Visual Studio Code, ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ kóòdù, yóò wá Dafny láàárín àwọn àfikún rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, àfikún náà yóò sì gbé Dafny àti Z3 wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá ní .NET ti Microsoft yóò kọ́kọ́ nílò ìyẹn. Dátà tí gbogbo èyí ń jẹ kò kéré, nítorí náà ẹ ṣe é níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́: orí kọ̀ǹpútà ẹni ni ìwádìí náà ti ń wáyé, kò sí àkáǹtì tí a ó ṣí, kò sí owó oṣooṣù tí a ó máa wá dọ́là san, kóòdù ẹni kò sì kúrò lọ́wọ́ ẹni. Fún àwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbàkúùgbà, àǹfààní gidi nìyẹn. Bí a ti ń kọ kóòdù, Dafny ń yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́lẹ̀. Àmì aláwọ̀ ewé yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tí ẹ̀rí rẹ̀ ti pé, pupa yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò pé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, nítorí ibẹ̀ ni iyì irinṣẹ́ yìí ti hàn jù. Kò sí iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ nínú ètò owó bíi fífi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn. A lè kọ ọ́ ní Dafny báyìí:

method FiRanse(a: Akanti, b: Akanti, iye: int)
  requires 0 < iye <= a.owo
  modifies a, b
  ensures a.owo == old(a.owo) - iye
  ensures b.owo == old(b.owo) + iye
{
  var x := a.owo;
  var y := b.owo;
  a.owo := x - iye;
  b.owo := y + iye;
}

Ìlà requires ni ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iye tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ju òdo lọ, kò sì gbọdọ̀ ju owó tó wà nínú àkáǹtì a. Ìlà modifies ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà láṣẹ láti yí padà. Àwọn ìlà ensures ni ìlérí (old ni iye tó wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀): nígbà tí iṣẹ́ bá parí, owó a yóò ti fi iye náà dín, owó b yóò sì ti fi iye náà lé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ka kóòdù yìí lójú lásán yóò sọ pé kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Dafny kọ̀ ọ́. Ó tọ́ka sí ìlérí àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tó ní owó a yóò dín, ó sì ní òun kò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Kò síbi tí a ti sọ pé a àti b kì í ṣe àkáǹtì kan náà. Ká ní ẹnì kan ní ₦50,000, ó sì fi ₦10,000 ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ̀ sí àkáǹtì yẹn gan-an. Kóòdù yìí yóò ka ₦50,000 sínú x, yóò tún ka ₦50,000 sínú y, yóò kọ ₦40,000 sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi ₦60,000 bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni náà fi owó ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, ₦10,000 tí ẹnikẹ́ni kò san sì wọlé fún un. Bó bá tún un ṣe, òmíràn yóò tún wọlé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ owó mọ̀ pé kì í pẹ́ kí oníbàárà kan tó rí irú ihò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá sì fi máa mọ̀, owó náà ti jáde.

Ìdánwò lè rí àṣìṣe yìí, bí ẹni tó kọ ìdánwò bá ronú kan ọ̀ràn ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Dafny rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ronú kàn án, nítorí gbogbo ọ̀ràn tó lè ṣẹlẹ̀ ló wà nínú ìbéèrè tó gbé fún Z3. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: requires a != b. Àmọ́ agbára ìlà yẹn kò mọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ibi tó bá pe FiRanse nínú ètò náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé àkáǹtì méjèèjì yàtọ̀ síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Dafny kò ní gbà wọ́n. Ohun tí ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń kọ sínú ìwé ìlànà tí ẹnikẹ́ni kì í kà ti di òfin tí kóòdù kò lè rú. Èyí ni mo fi fẹ́ràn Dafny, bí ènìyàn bá sì bi mí ní ìdí kan ṣoṣo tó fi yẹ kí òun kọ́ ọ, èyí ni ìdí tí n ó sọ.

Ibi tó ti le ni lúùpù, ìyẹn apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra. Dafny kì í bá lúùpù yípo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kò mọ iye ìgbà tí yóò yípo. Ohun tó ń bèèrè ni gbólóhùn kan tó jẹ́ òótọ́ kí lúùpù tó bẹ̀rẹ̀, tó sì tún jẹ́ òótọ́ nígbàkígbà tó bá parí ìyípo kan. Wọ́n ń pe gbólóhùn náà ní invariant. Ẹ wo ọ̀nà tí a fi ń wá nọ́ńbà nínú àkójọ tí a ti tò lẹ́sẹẹsẹ: a ó wo àárín, a ó yọ ìlàjì tí nọ́ńbà náà kò lè sí kúrò, a ó tún wo àárín èyí tó kù. Kí Dafny tó gbà á, a gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ààlà méjèèjì kò kúrò nínú àkójọ náà, pé gbogbo ohun tó wà lápá òsì ààlà kìíní kéré sí nọ́ńbà tí à ń wá, àti pé gbogbo ohun tó wà láti ààlà kejì lọ ju ú lọ. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, pupa ni yóò yọ, nígbà mìíràn níbi tó jìnnà sí ibi tí àlàfo náà wà gan-an. Dafny tún ń fẹ́ mọ̀ pé lúùpù náà yóò parí lọ́jọ́ kan. Ó máa ń rí ìdáhùn èyí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá díjú, bó bá sì díjú, àwa la ó fi ìlà decreases sọ iye tó ń dín kù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò bá tíì fi ojú yìí wo lúùpù rí yóò jìyà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí Dafny ń sọ nígbà tí ó bá kọ̀ kò sì tó láti ràn án lọ́wọ́: ó ń sọ ìlérí tí kò rí ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ìdí. A lè ní kó fi àpẹẹrẹ iye tó ba ìlérí náà jẹ́ hàn, àmọ́ àwọn iye tó ń kó jáde máa ń ṣòroó kà, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tó ju nọ́ńbà lásán lọ. Ọgbọ́n tí mo ń dá ni pé mo máa ń fi assert, ìyẹn gbólóhùn tí a ní kí Dafny fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lójú ibẹ̀, gé kóòdù sí wẹ́wẹ́, kí n lè mọ ibi tí Dafny ti mọ òótọ́ dé àti ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti pin. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ọ̀nà ìwá-nọ́ńbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu kàn yìí ní ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Lọ́dún 2006, Joshua Bloch kọ̀wé pé èyí tó wà nínú àkójọ kóòdù èdè Java, tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ti ní àṣìṣe fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Láti mọ àárín, kóòdù náà ro ààlà méjèèjì pọ̀, ó sì pín in sí méjì. Bí àkójọ bá tóbi gan-an, àròpọ̀ náà á kọjá 2,147,483,647, tó jẹ́ òkè téńté ohun tí nọ́ńbà onítíntín 32 (32-bit) lè gbà, á sì di òdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ka kóòdù yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ti lò ó. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kó ṣírò rẹ̀: ètò tó bá ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tọ́jú owó ní kọ́bọ̀ yóò dàrú bí àkáǹtì kan bá ti kọjá ₦21,474,836.47. Owó ilẹ̀ kan lásán lójú pópó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ kíyè sára. Irú nọ́ńbà tí Dafny ń pè ní int kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà inú ìwé ìṣirò ni. Bí a bá fi int kọ ìwá-nọ́ńbà yẹn, Dafny yóò gbà á pẹ̀lú àròpọ̀ tó ba ti Java jẹ́, nítorí kò lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ níbẹ̀. Kóòdù tó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní ṣìṣe, àmọ́ yóò lọ́ra, nítorí irú nọ́ńbà aláìlópin bẹ́ẹ̀ ń gba àkókò ju ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá gbọ́dọ̀ fi newtype ṣe nọ́ńbà tirẹ̀, kó sì sọ ààlà rẹ̀. Nígbà náà ni Dafny yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀rí pé àròpọ̀ kankan kò kọjá ààlà, àṣìṣe ọlọ́dún mẹ́sàn-án náà á sì yọ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni ní Dafny máa sọ èyí lọ́jọ́ kìíní.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú gbogbo èyí ni ti ìlérí fúnra rẹ̀. Dafny ń fìdí ohun tí a kọ múlẹ̀. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a fẹ́ kí ètò kan to nọ́ńbà láti kékeré dé ńlá, a sì kọ ọ́ sínú ìlérí pé èyí tó bá ṣáájú kò gbọdọ̀ ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Ètò tó bá pa gbogbo nọ́ńbà náà rẹ́, tó sì fi òdo rọ́pò wọn, ti mú ìlérí yẹn ṣẹ, Dafny yóò sì fún un ní àmì aláwọ̀ ewé. A gbọ́dọ̀ fi ìlérí kejì kún un, pé nọ́ńbà tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni ó wà lópin, kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tó pọ̀ sí i. Dafny ní multiset fún irú èyí, ìyẹn àkójọ tó ń ka iye ìgbà tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni. Ẹni tí kò bá rántí ìlérí kejì yóò lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò yẹ ẹ́. Nítorí náà, níbi tí mo ti ń lo Dafny, ìlérí la máa ń kọ́kọ́ gbé sáàárín láti jọ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó wo kóòdù, a sì máa ń pe ẹni tó mọ iṣẹ́ owó náà wá kà á, bí kò tilẹ̀ mọ kóòdù kọ. Ìlérí kúrú, èdè rẹ̀ kò sì jìnnà sí èdè ìṣirò tí gbogbo ènìyàn kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ó tún ní àléébù kan tó ń dun àwọn tí kóòdù wọn ti gùn. Z3 kì í ṣe ẹni tí a lè sọ ohun tí yóò ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tó pé lánàá lè kọ̀ lónìí nítorí pé a yí orúkọ kan padà, tàbí nítorí pé a gbé ẹ̀dà tuntun wálẹ̀; kì í ṣe pé kóòdù náà ti bàjẹ́, ọ̀nà tí Z3 gbà wá ẹ̀rí ló yí padà, àkókò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí ètò kékeré, a kì í rí èyí. Lórí ètò ńlá, ó lè gba ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn láìsí ohun tuntun tó bá jáde. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pín kóòdù sí ègé kéékèèké, kí ẹ máa kọ ẹ̀rí tó gùn sínú lemma tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rí tó dá dúró tí a lè pè níbòmíràn, kí ẹ má sì máa yí ẹ̀dà Dafny padà láàárín iṣẹ́.

Síbẹ̀, bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, Dafny rọrùn. Àwọn onímọ̀ tó fìdí seL4 múlẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2009, ìyẹn kernel, àárín gbùngbùn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, lo irinṣẹ́ tí a ń pè ní Isabelle, níbi tí ènìyàn ti ń fọwọ́ darí ẹ̀rí náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: nǹkan bí ìlà 8,700 ni kóòdù C wọn, ìlà ẹ̀rí wọn sì tó 200,000. Iṣẹ́ ńlá tó yẹ ká kí wọn fún ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mélòó ló lè san owó rẹ̀? Dafny ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí Microsoft fi ṣe IronFleet, níbi tí wọ́n ti fìdí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà múlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé kò ní ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n sì tún fi hàn pé kò ní dá iṣẹ́ dúró.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Amazon. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun lórí AWS, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí Amazon ń yá ènìyàn lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá kan wà tó ń pinnu bóyá ẹni náà láṣẹ. Wọ́n ń pe apá yẹn ní ìgbà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ọ́ tuntun ní Dafny, pẹ̀lú ẹ̀rí pé bí ti àtijọ́ ti ń dáhùn ni tuntun náà ń dáhùn. Wọ́n gbé e síṣẹ́ lọ́dún 2024, kò sí ohun tó bàjẹ́, iṣẹ́ náà sì yá ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ẹ̀rí tí wọ́n ní lọ́wọ́ jẹ́ kí wọ́n lè tún kóòdù náà ṣe láìbẹ̀rù. Ó sì yẹ kí n sọ apá kejì: èdè àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Cedar, tí àwọn ará Amazon kan náà ṣe, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dafny, àmọ́ wọ́n ti gbé àwọn ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí Lean, irinṣẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni Dafny bá mu.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, bí kọ̀ǹpútà bá lè mọ̀ bóyá kóòdù mú ìlérí ṣẹ, kí ló dé tí kò fi kọ kóòdù náà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́. Armando Solar-Lezama, tó wà ní MIT báyìí, ṣe Sketch nígbà tó ń kàwé ní Berkeley. Nínú Sketch, a ó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù, a ó sì fi àmì ìbéèrè méjì síbi tí kò dá wa lójú. Apá kan yóò fi ohun kan dí àlàfo náà, apá kejì yóò wá iye tó ba kóòdù náà jẹ́. Bó bá rí i, yóò dá a padà fún apá kìíní pé kó tún un rò, títí tí apá kejì kò fi ní rí ẹ̀sùn kankan mọ́. Nadia Polikarpova, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní San Diego, tún lọ síwájú pẹ̀lú Synquid lọ́dún 2016: a ó ṣàpèjúwe irú ohun tí a ń retí pẹ̀lú gbogbo òfin tó rọ̀ mọ́ ọn, Synquid yóò sì wá ètò tó bá àpèjúwe náà mu, ẹ̀rí rẹ̀ á sì bá a jáde. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti lo irú iṣẹ́ yìí láìmọ̀, nítorí Flash Fill tó wà nínú Excel láti ẹ̀dà 2013, tó ń wo àpẹẹrẹ tí ẹ fún un tó sì ń kún ìlà yòókù fúnra rẹ̀, inú ìwádìí Sumit Gulwani, olùwádìí ní Microsoft, ló ti jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ìlérí kankan tí Flash Fill gbọ́dọ̀ mú ṣẹ ju àpẹẹrẹ wọ̀nyẹn lọ. Ojú yín ni àyẹ̀wò.

Èyí ló mú kí Dafny tún ṣe pàtàkì sí i lásìkò tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ń jẹ́ kí ẹ̀rọ onímọ̀ àtọwọ́dá máa bá wọn kọ kóòdù. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ kóòdù tó dára lójú, kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni. Bí a bá fọwọ́ ara wa kọ ìlérí, tí a sì jẹ́ kí ó bá wa kọ kóòdù àti àwọn invariant, Dafny yóò yẹ ẹ́ wò láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti dín ìyà lúùpù kù gan-an. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fọwọ́ kan ìlérí. Nígbà tí ẹ̀rí bá ṣòro, ó lè rẹ ìlérí sílẹ̀ tàbí kó ti assume kan bọ àárín, ìyẹn gbólóhùn tí Dafny gbà gbọ́ láìbèèrè ẹ̀rí, àmì aláwọ̀ ewé á sì yọ lórí ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àṣẹ kan wà, dafny audit, tó ń to gbogbo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jáde. Ó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣáájú kí kóòdù kankan tó wọlé.

Nígbà tí ẹ̀rí bá pé, Dafny lè tú kóòdù náà sí C#, Java, JavaScript, Go tàbí Python, gbogbo ìlà tó wà fún ẹ̀rí nìkan yóò sì kúrò, kò ní dí ètò náà lọ́wọ́. Kóòdù tó ń jáde kò dùn ún kà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tún un ṣe. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀rọ tó ń tú u náà kò tíì ní irú ẹ̀rí tó ń bèèrè lọ́wọ́ wa, nítorí náà ìdánwò kò kúrò nílẹ̀.

Ta ló yẹ kó lò ó? Ẹni tó ń ṣe ojú ìwé tí ènìyàn ń tẹ̀ lórí fóònù kò nílò rẹ̀; ìlérí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ yí padà, ẹ̀wà sì kò ní ẹ̀rí. Ẹni tó ń kọ apá tó ń ka owó, tó ń pín èlé, tó ń pinnu ẹni tó láṣẹ láti wo fáìlì aláìsàn, tàbí tó ń ka ìbò, irú wọn ni mo bá ń sọ̀rọ̀. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ju ogún ìlà lọ, èyí tó jẹ́ pé bó bá ṣìṣe ẹkún ni, kí ẹ kọ ìlérí rẹ̀ ní Dafny, kí ẹ sì wo ohun tí yóò bi yín. Fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà ní yunifásítì wa, mo gbà pé ó yẹ kó wọ inú ẹ̀kọ́ ọdún kejì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi Dafny kọ ìwá-nọ́ńbà yóò mọ ìdí tí lúùpù rẹ̀ fi tọ̀nà, kò sì ní owó tí yóò san ju dátà tó fi gbé e wálẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é kọ́kọ́ tún ṣe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ nígbà tó bá kọ̀: kó fi àpẹẹrẹ kan tí ènìyàn lè kà hàn, bíi a àti b tó jẹ́ àkáǹtì kan náà, ní ibi tí àmì pupa wà gan-an.